Iná Ọpọlọ fún Aláriwo

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọ̀gá Oníná Ọpọlọ, ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé yàrá tí o ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà yẹn kò tutù jù? Èmi ń bẹ, ẹ̀yìn dídùn mi náà ń bẹ, ọ̀kan ń fa èkejì kiri. Mo ṣì ń gun àkàbà. Àwọn tó ní kí n má gun àkàbà mọ́ kò rí ẹni rán wá tí yóò máa bá mi gùn ún, nítorí náà mo ń gùn ún.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Àbúrò rẹ Aláriwo ti bímọ. Ọkùnrin ni. Ó bí wẹ́rẹ́, tìyá-tọmọ ló wà ní àlàáfíà. Orí ọmọ náà rí ribiti bíi gílóòbù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin náà sì yan mí lódì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé mo purọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Omi ọmú kò tíì jáde. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa tó gbẹ̀bí rẹ̀ ní ká ṣe sùúrù, pé ti àwọn mìíràn máa ń pẹ́. Wàrà inú agolo la fi ń bọ́ ọmọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí lẹ́tà rẹ tó kọjá, níbi tí o ti ní ẹ̀yin ń ki wáyà bọ inú ọpọlọ níbi iṣẹ́ yín, tí ẹ bá ti tẹ súìṣì, omi ọmú á máa kán. Mo ti ka lẹ́tà náà sókè ní pálọ̀ àwọn àna wa, bí mo ṣe ń ka gbogbo lẹ́tà rẹ, torí pálọ̀ tiwọn ló gba gbogbo wa. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Mo ní ọmọ mi nìyẹn. Mo ní iná tí bàbá rẹ̀ ń fà wọ ilé, òun ń fà á wọ orí.

Ṣé ẹ̀rọ náà tóbi? Ṣé ó ṣe é dì sínú àpótí? Bátìrì ọkọ̀ lè gbé e dúró fún mi tí iná tiwa bá lọ. Fèsì kíá.

Èmi ni bàbá rẹ, oníná ilé.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ewu ọmọ o! Mo fò sókè nínú yàrá mi títí oníbàtà ìsàlẹ̀ fi fi igi gbá àjà. Ẹ bá mi gbé ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀.

Àgùntàn ni, Bàbá. Àgùntàn! Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn, ẹ fò ó kọjá nítorí kò dùn-ún kà ní pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ, ó so rọ̀ sórí ọ̀pá tín-ín-rín. Pìtúítárì là ń pè é. Òun ló ń tú oje oríṣiríṣi sínú ẹ̀jẹ̀: èyí tó ń mú ọmọdé dàgbà, èyí tó ń pèsè omi ọmú, èyí tó ń tì í jáde, títí dórí èyí tó ń fún èèyàn lágbára láti dìde láàárọ̀. Kò kàn ń dá tú u. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún un, àwọn fọ́nrán iṣan kan ló sì ń gbé àṣẹ náà lọ. Ara àwọn fọ́nrán yẹn ni a ń fi wáyà tó tín-ín ju irun lọ kàn. Àgùntàn dúró sínú ilé pákó rẹ̀, ó ń jẹ koríko, kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń tẹ súìṣì. N ó tẹ̀ ẹ́, n ó dúró díẹ̀, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìgò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo sunkún. Ọ̀gá mi bi mí bóyá koríko ló wọ̀ mí lójú.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe é fún èèyàn. Kò sí ẹ̀rọ tí mo lè dì sínú àpótí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bátìrì ọkọ̀ kan orí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ yín.

Kí Aláriwo máa gbé ọmọ sí ọmú lemọ́lemọ́. Kó máa sùn, kí ẹnikẹ́ni má jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀rù àti ìbínú lè sé ọ̀nà omi ọmú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní ó bí wẹ́rẹ́, ọkàn mi balẹ̀ pé kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọ̀gá,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, a kà á. Nígbà tí mo dé orí àgùntàn, ìyá ọkọ àbúrò rẹ ní, 'Àgùntàn kẹ̀?' ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. O dójú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo ti gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí omi ọmú nìkan. Aláriwo kò pariwo mọ́. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé tó bá ń kí èèyàn lójúde, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ló ń dáhùn. Ní báyìí, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á fi í sílẹ̀ láàárín. Òtútù ń mú un lọ́sàn-án gangan, búláńkẹ́ẹ̀tì kì í kúrò léjìká rẹ̀. Irun ojú rẹ̀ ń já. Ó ń sùn, ó ń jí, ó tún ń sùn. Tí ọmọ bá ké, á máa wò ó bí ìgbà tí ọmọ wà lódìkejì títì, kó tó ṣe díẹ̀díẹ̀ nawọ́ sí i.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ó ní kò fẹ́ràn ọmọ. Ó ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé òun máa gba ọmọ òun, kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ awakọ̀, ẹni tó ń fi fèrè ọkọ̀ akẹ́rù lé màlúù kúrò lọ́nà, kò lè fọhùn níwájú ìyá rẹ̀.

Mo mọ iṣẹ́ mi. Tí gílóòbù kò bá tàn, wáyà ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ó dá mi lójú pé fọ́nrán tí o ń sọ yẹn ló já lórí ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ sì ní wáyà níbẹ̀. Bá wa wá ọgbọ́n ẹ̀rọ náà dá. Tí kò bá ṣeé ṣe, kọ̀wé. Ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu nínú ilé yẹn. Sọ òtítọ́ ohun tó ń ṣe é, kí wọ́n má baà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ní kí n sọ òtítọ́, n ó sọ ọ́, kò sì ní dùn ún gbọ́.

Àgùntàn kan wà lọ́dọ̀ wa tó bí, tó ń ta ọmọ rẹ̀ nípàá. Tí ọmọ bá súnmọ́ ọn, á yí ẹ̀yìn padà. A yẹ ara rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Fọ́nrán ọpọlọ rẹ̀ pé. Tí mo bá tẹ súìṣì, wàrà ń kán. Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣe ara rẹ̀. Kò fẹ́ ọmọ náà ni, ọpọlọ rẹ̀ kò sì pàṣẹ.

Bàbá, Aláriwo kò fẹ́ tètè lọ́kọ. Ẹ̀yin àti èmi la mọ̀. Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi wá síbí, ẹ̀yin lẹ ní ọ̀kan tó lọ ti tó. Ẹni tó bí wẹ́rẹ́, tí kò ṣàìsàn, tó wá ń sùn tọ̀sán-tòru, tó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ọmọ ará àdúgbò, kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Ara rẹ̀ kò ní àrùn. Ọkàn rẹ̀ ni kò gba ọmọ náà. Kò sí wáyà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ bá a wí, kó gbá ara rẹ̀ mú.

Ó ti rẹ̀ mí. Inú ilé àgùntàn ni mo ń wà látàárọ̀, òórùn wọn ti wọ irun mi.

Ọmọ yín.

Ojú ìwé yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí o. Ẹ má kà á sókè ní pálọ̀ rárá. Èyí tí ẹ máa kà fún wọn wà lójú ìwé kejì, níbi tí mo ti kí wọn, tí mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù fún un.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ. Tí mo bá ní mo kí ọ, irọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, gbogbo ilé sì pé. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n máa ń fún mi, mo fi awò sójú, mo ya àpò lẹ́tà níwájú wọn. Mo gbé ohùn sókè dáadáa, torí o ní òtítọ́ lo fẹ́ sọ, mo sì rò pé òtítọ́ náà á gbè wá. Nígbà tí mo dé ibi àgùntàn tó ń ta ọmọ nípàá, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Mo fẹ́ fo ibẹ̀. Ọkọ Aláriwo ti dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ ti fo ìlà kan.' Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á dópin. Ẹni tí kì í lè fọhùn, ohùn rẹ̀ là lọ́jọ́ yẹn. 'Ọkàn rẹ̀ ni kò gba ọmọ náà.' Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá dé ìsàlẹ̀, ló wá kà á fún gbogbo pálọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kà á ní pálọ̀.

Ta ló ń kọ ìkìlọ̀ sí ìsàlẹ̀? Mo ti ń ṣiṣẹ́ iná kí n tó bí ọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà, kí n tó fọwọ́ kàn án ló ń kígbe, kì í dúró kí iná gbé mi ṣubú tán.

Aláriwo wà níbẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí, tòun ti búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, òrùlé ilé yẹn ìbá ti ṣí. Ó kàn bi mí pé, 'Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́?' Mo ní òun ni. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀wé.'

Ìyá ọkọ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wo inú ọpọlọ bá ti ní kò fẹ́ ọmọ, ta lòun tóun á fi jiyàn? Wọ́n di ẹrù rẹ̀, wọ́n mú un sọdá títì wá bá mi. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ló wà báyìí, láàárín ìdì wáyà. Mo ní kí wọ́n dá lẹ́tà mi padà. Wọ́n ní rárá, àwọn máa tọ́jú rẹ̀.

Ṣe é kí ẹ̀rọ náà dé, tàbí kí ìwọ fúnra rẹ dé. Má kọ̀wé lásán sí mi mọ́.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni. Ẹ ní kí n má kọ̀wé lásán, mo ní kò burú.

Ẹ̀yin lẹ bèèrè òtítọ́. Ẹ̀yin lẹ kà á síta. Ojú la kọ́kọ́ ń fi ka lẹ́tà kí ẹnu tó dá sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti sọ mí di ohun tí ẹ fi ń yangàn ní pálọ̀ ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ń run mí láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ẹ ò mọ̀. Mi ò sọ. Bí a ṣe ń ṣe nínú ilé wa náà nìyẹn, tó bá ti burú, a ó bò ó.

Ọkọ Aláriwo kọ̀wé sí mi. Ó ń dúpẹ́ pé mo sọ òdodo, ẹ gbọ́ nǹkan. Ó ní kí ìyàwó òun tó lọ, kò gbálẹ̀, kò fọṣọ, pé á sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí lórí mátírẹ́ẹ̀sì ńlá tí mo rà fún wọn nígbà ìgbéyàwó. Ara mi gbóná. Èmi tí mo ra mátírẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀dì onírin tó ń ké bí ológbò ni mo ń sùn lé. Ẹ sọ fún Aláriwo pé oorun tó sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì mi ti tó, kó dìde, kó lọ gba ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ kankan kò sí. Mo ti sọ ọ́ tán.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá

Ìwọ,

Mátírẹ́ẹ̀sì wo?

Mátírẹ́ẹ̀sì yẹn kò sí mọ́ láti ọjọ́ tí Aláriwo ti bímọ. Èmi àti ọkọ rẹ̀ la gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, a dáná sun ún. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kán sí símẹ́ńtì. Nọ́ọ̀sì kó gbogbo aṣọ ìnura tó wà nílé, kò ká a. Ojú ọmọ mi ti yí, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ìgbà tí a máa fi rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù, ó ti lajú, ó ní òun fẹ́ mu omi. Gbogbo wa bú sẹ́kún, a dúpẹ́, a ní kí ọkọ̀ máa lọ. Àna rẹ awakọ̀ yẹn mọ̀ dáadáa pé orí ẹní ni ìyàwó òun ń sùn. Tó bá dárúkọ mátírẹ́ẹ̀sì fún ọ, ó ń dọ́gbọ́n tọrọ òmíràn ni.

Kí ni n bá sì kọ ìyẹn sí ọ fún? Ìdánwò rẹ ti dé tán nígbà yẹn. Gbogbo wa fẹnu kò pé a ò ní da ọkàn rẹ láàmú lókèèrè. Nítorí rẹ la ṣe bò ó, ìwọ lo wá ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí. Nọ́ọ̀sì ní kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí. Irun abíyá rẹ̀ ti tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibà kékeré kan báyìí mú un, ibà tí ọmọ iléèwé fi ń ṣeré, ó dákú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì lajú, ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè. Ẹni tí o ní kò fẹ́ ọmọ.


Tẹligíráàmù, oṣù kọkànlá

Ẹ GBÉ ALÁRIWO LỌ ỌSIBÍTÙ ŃLÁ LÓNÌÍ. ÀRÙN NI. Ẹ SỌ Ẹ̀JẸ̀ ỌJỌ́ ÌBÍ FÚN DÓKÍTÀ. Ẹ MÁ DÚRÓ DE Ẹ̀RỌ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo ń sáré kọ èyí, ẹ fojú fo ìkọ̀wé mi. Mo nírètí pé tẹligíráàmù ti dé, pé inú ọsibítù lẹ ti ń ka èyí.

Kókó abẹ́ ọpọlọ tí mo sọ fún yín, tí obìnrin bá lóyún, ó máa ń wú, ẹ̀jẹ̀ tó ń béèrè á sì pọ̀ sí i. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá dà bí èyí tí ẹ kọ yẹn, kókó náà á pòǹgbẹ ẹ̀jẹ̀, á kú. Kò sí fọ́nrán kankan tó já lórí Aláriwo. Ọpọlọ rẹ̀ ń pàṣẹ, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Tí mo bá gbé ẹ̀rọ wa wá, tí mo tẹ súìṣì títí ọwọ́ mi fi bó, kókó tó ti kú kò ní dáhùn. Òtútù yẹn, irun yẹn, oorun yẹn, omi ọmú tí kò wá, àmì rẹ̀ ni gbogbo wọn. Mo ti kà á nínú ìwé. Mo dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ dà rú, mo sì yege nínú rẹ̀.

Wẹ́rẹ́, Bàbá! Ẹ ní ó bí wẹ́rẹ́! Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló jẹ́ kí n yí ojú kúrò níbẹ̀. Ẹ ò fẹ́ da ọkàn mi láàmú. Ẹ wá wò ó bó ṣe balẹ̀ tó báyìí. Èmi náà ìbá sì ti bèèrè. Ìlà kan péré ni, 'Bàbá, ṣé ẹ̀jẹ̀ dà?' Mi ò kọ ọ́. Mo ń rojọ́ àgùntàn.

Lẹ́tà kan wà nínú àpò yìí fún dókítà. Oògùn tó ń dípò oje tó ń gbé ara dúró nígbà àìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ìkejì wà fún àwọn àna yín. Mo kọ ọ́ sókè pátápátá, gàdàgbà, pé mo ṣìnà, pé àrùn ló ṣe é, pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Èyí ni kí ẹ kà ní pálọ̀.


Ogúnjọ́, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Aláriwo wà láàyè.

Nígbà tí tẹligíráàmù dé, ibà yẹn ti tún gbé e dè. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo fi ń kó àkàbà. Mo sọ ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ ìbí fún dókítà, ó ka tẹligíráàmù rẹ, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní òótọ́ ni; lẹ́tà rẹ wá tì í lẹ́yìn nígbà tó dé. Wọ́n fi omi oògùn sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo láti ìta, ẹnì kan ń bá nọ́ọ̀sì jà pé omi tí wọ́n gbé fún òun gbóná jù. Mo fara ti ògiri, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ó ti wá sílé. Á máa lo oògùn láàárọ̀ láàárọ̀ títí ayé rẹ̀. Irun ń hù díẹ̀díẹ̀, òtútù ti lọ. Dókítà ní omi ọmú kò ní wá mọ́. Ó tún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ó ṣeé ṣe kó má bí òmíràn mọ́. Mi ò fẹ́ sọ fún un. Mo tún rántí ibi tí bíbò gbé wa dé, mo bá sọ ọ́.

Mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí. Tí mo bá bínú sí ọ tán, ó máa ń ku èmi.

Aláriwo ní òun fúnra òun ló máa mú lẹ́tà rẹ lọ bá àwọn àna wa, pé kí n jókòó sílé pẹ̀lú ohùn mi. Mo gbé e fún un.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú àgùntàn. Ara mi ti yá, mo ti ń pariwo, àwọn ará àdúgbò ti ń bẹ̀ mí pé kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Oògùn yín ló gbà mí, mo dúpẹ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó sọ èyí tó kù, kí ẹ má baà ní mi ò mọ oore.

Mo lọ sílé ọkọ mi. Bàbá fẹ́ tẹ̀ lé mi, mo lé wọn padà. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo kun ojú mi, mo mú lẹ́tà yín àti ìwé dókítà dání. Ọmọ mi wà lójúde, ó ń rìn. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo pè é, ohùn mi sì lọ sókè bó ṣe máa ń lọ. Ó wò mí, ẹ̀rù bà á, ó sáré lọ di aṣọ ìyá bàbá rẹ̀ mú, ó ní, 'Màmá!' Obìnrin yẹn gbé e, ó sì fi ọwọ́ nù ún lójú jẹ́jẹ́. Kò jẹ́ kí n rí nǹkan tí n ó bínú sí. Ó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ká má parọ́.

A wọlé. Ọkọ mi ka ìwé yín sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo rẹ̀, pé ẹ ṣìnà, pé àrùn ni, pé mo fẹ́ràn ọmọ mi. Ó kà á dáadáa. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo ní ó ti parí, mo ti ń na ọwọ́ sí ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ní kí n dúró ná. Ó wọ yàrá, ó mú ti àkọ́kọ́ jáde, èyí tí àgùntàn wà nínú rẹ̀. Ó ti fi nǹkan wé e kó má baà ya. Ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó pa wọ́n pọ̀. Kò pariwo, Ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Ìyàwó wa, ìwé dókítà ń sọ ti ara, kò sọ ti ọkàn. Ọwọ́ kan náà ló kọ lẹ́tà méjèèjì. Nígbà tó kọ ti àkọ́kọ́, kò mọ̀ pé a máa rí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kọ. Ìkejì yìí, àwa ló kọ ọ́ sí. Ṣé o fẹ́ kí n gba èyí tí wọ́n kọ nítorí mi gbọ́, kí n wá fi èyí tí wọ́n kọ nítorí òótọ́ sílẹ̀?'

Mo wo ọkọ mi, ó ń wo ilẹ̀. Èmi Aláriwo fa ọwọ́ tí mo nà sí ọmọ mi padà. Wọ́n fún mi lómi, mo mu ún. Wọ́n ní mo lè máa wá kí ọmọ náà lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò bá ti sùn.

Ẹ má kọ ìkẹta sí wọn. Bí ẹ bá ṣe ń kọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dà bíi pé ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ fún mi. Ẹ má kọ̀wé sí èmi náà báyìí. Mi ò bá yín jà. Tí mo bá rí ìkọ̀wé yín lẹ́yìn àpò lẹ́tà, àyà mi ń já.

Èmi ni, ìyá ọmọ.